Ẹgbẹ̀ta Orúkọ Lórí Pápá Tó Ṣófo

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àfojúsọ́nà. Mo kí Bàbá wa, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Mo kí Bọ̀dá Gàníyù àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Sìdí, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹ̀yin ìkẹyìn yìí gan-an lẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Ìròyìn mi ti dé Ìgbòho ṣáájú mi. Wọ́n ní mo ta àbúrò mi, wọ́n ní mo fa Ràṣídì lé ọ̀gá lọ́wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù lásán. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, gbangba náà ni màá ti dáhùn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ara mi le, ẹ má fòyà. Ooru Abẹ́òkúta nìkan ló ń bá mi jà. Àwọn òkúta ibí a máa mu oòrùn látàárọ̀, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí èèyàn fẹ́ sinmi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí wa lára. Yàrá mi ní Adigbe náà ni mo ṣì wà. Màmá onílé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ṣì ń fi ohùn Òkè-Ògùn mi ṣe ẹ̀fẹ̀, èmi náà sì ń fi làfún wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Mi ò rò pé ọ̀fun mi máa gba làfún láyé yìí. Àmọ́ ẹ̀rín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò ní kí èèyàn má nìkan wà. Ọdún kẹrin mi rèé, kò sẹ́nì kan tó ń fi oríkì mi pè mí níbí. Màdáámù Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè mí. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹ ní Ràṣídì ti rí ààyè gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Mo ra kọ́tìnì, mo fi pín yàrá sí méjì, mo sì fún un ní ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé wà.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ mi, kó gbọ́ ọ níbí. Eré ìdárayá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́, èmi náà ni kóòṣì ikọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọkùnrin. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lọ́dún àkọ́kọ́, lọ́dún kejì wọ́n rí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Pápá wa kò burú. Koríko rẹ̀ gbẹ láwọn ibì kan, àmọ́ ó tẹ́jú, wọ́n sì fi símẹ́ǹtì ṣe àtẹ̀gùn mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fún àwọn òǹwòran. Àwọn òǹwòran ọ̀hún ni kì í wá. Tí a bá gbá bọ́ọ̀lù, ewúrẹ́ á máa jẹko lẹ́yìn gọ́ọ̀lù, ìyá ẹlẹ́pà á jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó parí. Kóòṣì àlejò kan bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ níbí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ojú ló tì mí.

Màámi, kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù o. Ká ní wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ ni, ìbá tù mí lára. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yan ara wọn lódì. Ilé ìwòran kan, níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n, wà níwájú géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì, páànù ni wọ́n fi ṣe é, kò ní ju fèrèsé méjì lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹ ó rí wọn níbẹ̀, tí wọ́n fún pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì, tí òógùn ń kán lára wọn, tí wọ́n ń pariwo orúkọ àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Wọ́n mọ ẹni tó fara pa àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ẹ wá bi wọ́n lórúkọ gólì tó ń ṣọ́lé fún ikọ̀ tiwọn, ọmọ tí wọ́n jọ ń tò sídìí ẹ̀rọ omi láràárọ̀, wọ́n á máa wo ara wọn.

Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá, nítorí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo ní àwa ń lò ó. Wọ́n ní èèyàn bíi méjìlélógún kọ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kúnlẹ̀, mi ò tijú láti sọ ọ́. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní kò burú, àwọn á fún mi ní àǹfààní kan. A ó gbá bọ́ọ̀lù kan sí i nílé kí sẹ̀mẹ́sítà tó parí. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde wá wò ó dáadáa, kò ní sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ òkú àna wọn bọ́ sí ọjọ́ náà, wọn ò ní sí nílé. Wọ́n ní kí n gbé ìwé àténdáǹsì sẹ́nu ọ̀nà pápá, kí gbogbo ẹni tó bá wá kọ orúkọ, kó sì buwọ́ lù ú, kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé.

Ràṣídì ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ dùn láti kékeré. Mo tú ọ̀rọ̀ náà fún un pátá. Mo ní tí pápá yìí bá lọ, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, torí kí ni kóòṣì fẹ́ ṣe láàárín ṣọ́ọ̀bù? Ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ó ní ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ lòun máa kó wá, pé kí n fún òun ní ìwé àténdáǹsì náà, kí èmi gbájú mọ́ àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù mi. Mo fún un. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo fọ jẹ́sì gbogbo ikọ̀ fúnra mi, mo sì fi ẹfun tún ilà pápá fà. Mo gbá àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Sátidé dé. Ó ku ààbọ̀ wákàtí ká bẹ̀rẹ̀, kò sí èèyàn. Mo ní wọ́n ń bọ̀. Réfirì fun fèrè, kò sí èèyàn. Mo ṣì ní wọ́n ń bọ̀, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má wẹ̀yìn. Nígbà tí a lọ sinmi ní ìdajì, mo ka àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, mọ́kànlá nínú wọn ló bá àwọn àlejò wá. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ariwo ńlá láti ọ̀nà géètì. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé wọ́n ti dé. Ilé ìwòran ni wọ́n wà, ẹnì kan ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nílùú òyìnbó.

Àwa la borí, àmì ayò méjì sí ẹyọ kan. Dàpọ̀ ló gbá èkejì wọlé, ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó ṣe gbá a wọlé tán, ó na apá méjèèjì, ó sáré lọ síbi àtẹ̀gùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó débẹ̀, ó bá símẹ́ǹtì. Ó dúró díẹ̀, ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì rìn padà. Màámi, mo yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí mi.

A ti ń tú àwọ̀n gọ́ọ̀lù nígbà tí Ràṣídì dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó na ìwé náà sí mi. Ó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹgbẹ̀ta orúkọ pé, ìbuwọ́lù sì wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti bá mi ṣe é. Òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́rin ló jókòó sí ilé ìwòran tí wọ́n ń bá gbogbo kíláàsì buwọ́ lù ú, bí wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn ṣe nínú kíláàsì tí ẹnì kan kò bá wá. Ó ní ìwé ṣáà ni ọ̀gá fẹ́. Lójú tirẹ̀, oore ló ṣe mí, ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo ka ìwé náà. Mo rí orúkọ gólì mi níbẹ̀, pé ó wá wòran bọ́ọ̀lù tí òun fúnra rẹ̀ ń mú. Mo rí orúkọ Rónkẹ́, ọmọbìnrin tí àìsàn mú lọ lọ́dún tó kọjá. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, Ràṣídì náà wà níbẹ̀. Wọ́n bá òkú buwọ́ lù ú.

Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù mi ti pé lé mi lórí, àwọn náà ń kà á. Gólì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dé orí orúkọ Rónkẹ́. Dàpọ̀ ló bi mí pé ṣé màá gbé e fún ọ̀gá. Mo pa ìwé náà dé, mo sì ní kí wọ́n lọ ká àwọ̀n.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìwé náà lọ. Ọ̀gá àgbà ṣí i, wọ́n tújú ká, wọ́n ní mo káre, pé àwọn ò mọ̀ pé mo lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹ gbọ́, ẹnu mi ni pápá yẹn wà. Kí n ṣáà ti dúpẹ́, kí n jáde, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mo ronú kan yín, mo ronú kan Ràṣídì. Mo sì rí Dàpọ̀ pẹ̀lú apá rẹ̀ tó sọ kalẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ọ̀gá, wọn ò wá. Wọ́n bi mí pé ta ló wá kọ èyí. Mo ní àbúrò mi ni.

Wọ́n yọ Ràṣídì nípò ààrẹ, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Wọ́n ti ri èèkàn ṣọ́ọ̀bù mọ́ pápá, a ń sá láàárín rẹ̀ tí a bá ń ṣe ìdánrawò. Ràṣídì ṣì wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń kẹ̀yìn sí mi jẹ ẹ́. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun gba èmi là, mo sì pa òun. Mi ò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má rò pé ọkàn mi le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni. Àmọ́ èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, kò sì wá. Ilé ìwòran kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí pápá. Ó gbọ́ fèrè réfirì wa níbi tó jókòó sí, ó ń bá èèyàn buwọ́ lù ú.

Èyí tó dùn mí jù ni ìpè yín, Màámi. Ẹ sọkún, ẹ bi mí pé kí ni bọ́ọ̀lù, tí mo fi lè sọ ẹ̀jẹ̀ ara mi nù. Ẹ ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ò tíì bi mí rí pé ṣé a borí. Mo ní kí n má sọ ọ́, àmọ́ ó ti jáde.

Lánàá, Bọ̀dá Gàníyù pè mí. Wọ́n ní ẹbí máa ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ láti parí ọ̀rọ̀ náà kí Ràṣídì tó wálé. Mo ní mi ò ní lè wá, ọjọ́ náà la máa gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn láàárín ara wa lórí pápá kí àwọn bíríkìlà tó dé. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Wọ́n ní àwọn á bá mi sọ fún àwọn àgbà pé mo ti gbà pé mo jẹ̀bi, pé mo ti bẹ Ràṣídì, wọ́n á sì kà mí mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Bí Ràṣídì ṣe sọ tirẹ̀ náà nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù á ṣì máa dé, ìbínú mi kò kan oògùn Bàbá. Ẹ kí wọn fún mi, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́. Kó fi àlùbáríkà sí oko yín àti ọjà yín, kó má fi ẹ̀mí yín ṣòfò, kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tú ilé wa ká. Ẹ kí tọmọdé tàgbà. Ẹ gba Ràṣídì tọwọ́tẹsẹ̀ tó bá dé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, Màámi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá dárúkọ mi pé mo wà níbẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ sọ fún wọn pé Mòréníkẹ́ kò wá.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mòréníkẹ́,
Adigbe, Abẹ́òkúta.