Kì í Ṣe Èmi Ló Ń Sáré Nínú Aago Yẹn

Ṣọ́ọ̀bù mi,
Òwúrọ̀ Ọjọ́rú.

Ìyá mi, àkọ́bí mi, ọmọ tó ń fi owó rẹ̀ ra wàhálà fún mi,

Báwo ni iṣẹ́? Báwo ni àwọn ará ọ́fíìsì yín, àti ọ̀gá yín tó máa ń bínú lọ́jọ́ Ajé? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kó sì bá ọ nínú ẹ̀rín, torí bó o bá kà á dé ìdajì, ẹ̀rín yẹn lè dín kù. Ara mi le. Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àfi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti ń kérora bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tuntun lọ.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ dípò kí n pè ọ́. Fóònù àti aago tó o rà fún mi yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ohun tí ọ̀kan bá mọ̀, èkejì ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí aago gbọ́ ọ. Mo ti bọ́ ọ lọ́wọ́, mo jù ú sínú agolo bọ́tìnnì, mo fi àkísà dí ẹnu agolo kí n tó mú bírò.

Ìyá Oníṣáàjì, obìnrin tó ń ṣáàjì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi, ló ka ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì fún mi. Ó ní o kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni aago ti ń sọ pé mi ò sáré, pé àdéhùn ni àdéhùn, bí mi ò bá sáré, ọ̀dọ̀ rẹ ni màá wá máa gbé, pé kí n di ẹrù mi, o ń fi mọ́tò bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yìí láti wá kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ. Torí náà, jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kó o tó ra epo sí mọ́tò.

Nígbà tí aago yẹn dé, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà á. O ní dókítà sọ pé kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, o sì ní kí èmi àti Ìyá Oníṣáàjì wá ètò eré sísá tó bá mi mu nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi ju ọlọ́pàá lọ. Ó béèrè ọjọ́ orí, mo sọ. Ó béèrè bí mo ṣe wúwo tó, mo lọ gun òṣùwọ̀n ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, ó wọ̀n mí tán, ó ní kí n má bínú, òun ò lè rà mí. Ó wá béèrè eré tó yá jù tí mo ti sá rí. Mo ronú dáadáa kí n má bàa purọ́ fún nǹkan tí ọmọ mi fowó rà, mo ní kí Ìyá Oníṣáàjì kọ ọ́ pé ọdún tí ajá onílé wa lé mi ni, mi ò tíì fẹ́ ìyá rẹ nígbà náà, mo fo ògiri kan tí ojú ń tì mí láti wò lónìí. Ó ní nọ́ńbà ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. Mo ní kó kọ ajá kan.

Lẹ́yìn náà ni aago kó ètò sílẹ̀ fún mi bí ẹni kó aṣọ sórí tábìlì, ti kìlómítà márùn-ún, ti mẹ́wàá, ti mọ́kànlélógún, àti ti méjìlélógójì. Mo béèrè èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Oníṣáàjì ní iye kan náà ni gbogbo wọn, ìwọ sì ti san án. Ìwọ náà gbé e wò. Ta ló máa rí ọ̀pá aṣọ márùn-ún àti ọ̀pá méjìlélógójì ní iye kan náà, tó máa wá mú márùn-ún? Mo mú méjìlélógójì. Ìyá Oníṣáàjì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni àlàyé tó o ṣe, pé ètò yìí kì í dúró sójú kan. Bí ara èèyàn bá ń le sí i, á fi kún un, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á dín in kù. Mo ní àṣé télọ̀ bíi tèmi ni. Bí oníbàárà bá sanra, à ń tú u, bó bá rù, à ń dín in.

Ọjọ́ kìíní, mo jáde bí oòrùn ṣe ń yọ. Aago ní kí n dúró ná, òun ń wá àwọn èèyàn òun tó wà lójú ọ̀run, mo bá a gbójú sókè títí ó fi rí wọn. Ó gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo ki eré mọ́lẹ̀. Ọmọ mi, o mọ̀ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì kọjá ilé kẹta tí wẹ́dà fi yọ sí mi pẹ̀lú ọ̀pá irin, ó ní níbo ni olè náà gbà. Onídìrí fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ìdajì, òun àti ẹni tó ni orí náà jọ tẹ̀ lé mi. Ẹnì kan kígbe pé iná ni, àwọn mẹ́ta gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi. Ìyá àgbà kan tí kì í dìde kí ẹnikẹ́ni ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn, ó ń béèrè ta ló kú. Ìgbà tí mo fi wẹ̀yìn, a ti pé mẹ́rìndínlógún.

Ìwọ ni kó o bá mi rò ó. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ọrùn ọwọ́ mi ló ní kí n sáré? Ojú tì mí, mo ní mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná sórí aṣọ ni. Kí n tó pa ẹnu dé, wọ́n ti sáré ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n da báàkẹ́ẹ̀tì omi mẹ́ta sórí sòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé tí mo ti lọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Áyọ́ọ̀nù wà lókè àpótí, ó tutù bí òkúta. Ọ̀gá ilé-ìwé kò tíì dá ìkíni mi padà títí di òní. Aago ní ìbẹ̀rẹ̀ mi dára gan-an.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò lè sáré ní àdúgbò yìí. Ibẹ̀ ni mo sì ti rántí oníbúrẹ́dì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kan, Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ni a ń pè é, torí láràárọ̀ ló máa ń sáré kiri kí búrẹ́dì má bàa tutù. Mo ronú pé bí mo bá rán ẹnì kan lọ gba aṣọ, tó sì gbà á wá, ṣé èmi kọ́ ni mo gba aṣọ? Mo so aago mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó béèrè kí ló ń wò, mo ní àkókò.

Háà, aago yẹn fẹ́ràn mi! Ó ní ọkàn mi ń lù bí ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara mi nínú dígí. Ó ní mi ò sùn tó, ẹ̀rù sì bà mí, torí mo mọ̀ pé mo sùn, mo bá ń fi oorun ọ̀sán kún un títí Ìyá Oníṣáàjì fi rán mi létí pé oníbúrẹ́dì ló ń jí ní kùtù. Ètò náà kò dá iṣẹ́ sílẹ̀ o. Bí Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ṣe ń sáré ni aago ń fi kún un, ó fi kún un títí ó fi di kìlómítà mẹ́rìnlá. Ìwọ sì pè mí, o ń sunkún ayọ̀, o ní o sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Mi ò purọ́ kankan fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn sì ti ń dùn mí láti ìgbà yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ààrò ilé búrẹ́dì bàjẹ́. Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, ó dá aago mi padà. Mo wọ̀ ọ́, ó ní iṣẹ́ òní kò le, kìlómítà mẹ́rìndínlógún péré, kí n rọra máa gbádùn ẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sáré yí tábìlì ìgéṣọ ká nígbà méje, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, èmi náà fara ti ògiri. Ibẹ̀ ni Ìyá Oníṣáàjì bá mi. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní Bàbá Télọ̀, ṣé ẹ máa ń wọn ẹnì kan kí ẹ fi rán aṣọ fún ẹlòmíì ni?

Háà, ọmọ mi! Èmi tí mo ti ń lé oníbàárà padà láti ogójì ọdún, pé ẹni tó máa wọ aṣọ ni kó wá gba ìwọ̀n, èmi náà ni mo rán oníbúrẹ́dì lọ gba ìwọ̀n fún mi.

Obìnrin yẹn bá mi pa ètò àtijọ́ rẹ́, a bẹ̀rẹ̀ tuntun, òtítọ́ ni mo sọ látòkè délẹ̀, títí kan oògùn tí mò ń lò. Ètò tuntun náà ní kí n sáré ìṣẹ́jú kan, kí n rin ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó kọ́kọ́ dùn mí, torí kò sí ẹni tó máa ń já láti ọkàn ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún sí ìṣẹ́jú kan tí inú ẹ̀ á dùn. Àmọ́ mo kọ páálí kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé eré ni mò ń sá, kò sí iná, kò sí olè, ẹnikẹ́ni kò kú. Mo sá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo sá a lọ́jọ́ Ajé. Lánàá, orúnkún mi ń dùn mí, aago fúnra ẹ̀ ló ní kí n sinmi. Ó gbọ́ràn jù ọ́ lọ. Láàárọ̀ yìí, mo tún sá a, wẹ́dà bá mi lọ, òun ni àárẹ̀ kọ́kọ́ mú.

Mo mọ̀ pé o ti rí i lórí fóònù tìrẹ pé bàbá rẹ ti kúrò ní kìlómítà mẹ́rìnlá, ó di ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tó o fi pè mí nígbà mọ́kànlá láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n gbé e. Má rò pé àìsàn ló dé. Èmi gan-an nìyẹn.

Mo sì mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Ìyá rẹ ò ní aago. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀, a ní kó jókòó, kí a tó bu omi wá, ó ti lọ. Látọjọ́ náà ni o ti ń wá ẹni tó máa máa sọ fún ọ. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn, ọmọ mi, mo ń bẹ̀ ọ́ ni. Mi ò ní bọ́ aago yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n má mú mi lọ sínú ilé alájà mẹ́fà yẹn, tí mo kí ọkùnrin kan nínú ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè, tó ń wo bàtà ẹ̀ títí a fi dé. Bí mo bá sáré níbẹ̀, ta ló máa gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi tẹ̀ lé mi?

Fi owó bàtà eré ránṣẹ́, torí bàtà tí mò ń wọ̀ lọ sílé ìsìn ni mo fi ń sá a, ó ń dún kọ́ kọ́ kọ́ lójú títì. Fi díẹ̀ kún un fún ọ̀gá ilé-ìwé, kí n ra aṣọ sòkòtò mìíràn fún un, bóyá á kí mi.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ìrònú kò ní sọ ọ́ di àgbà kí ọjọ́ tó tó. Ẹni tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín kò ní jìnnà sí ọ. Ọlọ́run tó ń gbọ́ ọkàn wa láìso nǹkan mọ́ wa lọ́wọ́ á máa ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, má fagi lé ìrìn àjò náà o. Báàgì tìrẹ nìkan ni kó o gbé wá. Àtọdún tó kọjá ni mi ò ti fojú kàn ọ́, aago nìkan lò ń rán wá. Má wá kó mi, ìyá mi. Wá kí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.