Òrùka Bàbá Tó Wọ Inú Táǹkì Epo

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ilé tó dá. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo sì kí Sìkírá, àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Sìkírá, jọ̀wọ́, má ṣe kà á fún Ìyá nìkan nínú yàrá. Pe gbogbo ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, nítorí níwájú gbogbo wọn ni mo ti pa irọ́ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Iba ni òjò kò ti jẹ́ ká gbádùn. Omi dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, bàtà tí mo fi ń lọ kọ́ ọmọ níléèwé kò sì ráyè gbẹ. Tí mo bá ti jáde níléèwé, mo máa ń fi mọ́tò mi gbé èrò láti Iyana-Iba lọ sí Okokomaiko. Àwọn èrò á máa sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, inú ọkọ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo máa ń rántí Bàbá.

Ẹ ó rántí ìgbà ìkẹyìn tí mo wá kí yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Àìsàn ti mú kí ìka wọn gbẹ débi pé òrùka fàdákà wọn ń já bọ́ sínú àwo oúnjẹ. Bàbá fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní òrùka ti fẹ́ kọ àwọn kí ìyàwó tó kọ àwọn. Ẹ dá wọn lóhùn pé ìyàwó tó ti ń gbọ́ ìhanrun wọn láti ọjọ́ yìí wá, etí rẹ̀ ti di, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ mú òwú dúdú, ẹ fi yí ìka wọn ká, ẹ sì já a ní ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ kó òwú àti òrùka sí etí áńkáṣífù yín àtijọ́, ẹ ta á ní kókó. Ẹ ní kí n gbé e fún alágbẹ̀dẹ fàdákà tó wà nítòsí Alaba Rago, kó bá wa dín òrùka náà kù. Bàbá ní kí n má pẹ́, ọwọ́ tó ṣófo kò dùn mọ́ àwọn.

Ìdérí táǹkì epo mọ́tò mi ti sọnù tipẹ́. Bíi ti ọ̀pọ̀ àwa tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́ níhìn-ín, àkísà ni mo fi ń dí i lẹ́nu. Nígbà tí mo dé Okokomaiko nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo yà ra epo, mo ní kí wọ́n rọ ọ́ kún. Òjò ń rọ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń fọn fèrè, wọ́n ń bi mí bóyá ibẹ̀ ni mo fẹ́ sùn. Àkísà já bọ́ sínú àgbàrá. Mo na ọwọ́ sínú ọkọ̀, mo fa aṣọ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ mi bà, mo kì í bọ ẹnu táǹkì, mo lọ. Ìgbà tí mo dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ́jọ́ kejì ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo sáré padà sídìí táǹkì: ẹnu rẹ̀ ṣófo. Kòtò ojú ọ̀nà Iba ti gbọn áńkáṣífù yín wọnú epo lọ.

Mùdá, mẹkáníìkì mi, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti rí mọ́tò tó mu omi, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ òrùka, àkọ́kọ́ nìyí. Ó tẹ wáyà, ó kì í bọ̀ ọ́. Fọ́nrán aṣọ díẹ̀ ló bá a jáde. Ó ní ọ̀nà kan ló kù: ká fa epo jáde, ká sọ táǹkì kalẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi, ibí yìí ni ẹ̀bi mi wà. Epo wọ́n, táǹkì sì kún. Mo ní kó jẹ́ kí n fi epo náà ṣiṣẹ́ tán ná. Mùdá ní kò burú, ọ̀gá, òrùka kì í kúkú jẹrà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ojoojúmọ́ ni Sìkírá ń gbé fóònù sí Bàbá létí, tí wọ́n ń béèrè òrùka wọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé alágbẹ̀dẹ ń ṣe é lọ́wọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ní kí n bá àwọn kí alágbẹ̀dẹ náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà ni Sìkírá pè pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo wakọ̀ dé Iyana-Iba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já gììrì, ó sì kú, bẹ́ẹ̀ epo ṣì wà nínú rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ èrò, mo bọ́ nínú èyí, mo wọ òmíràn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín nílé ní Ayétòrò, wọ́n ti kírun sí Bàbá lára, wọ́n ti bu yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ẹ di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ẹbí, ẹ béèrè òrùka. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹ ní kò burú, iṣẹ́ tó dára kì í fẹ́ ìkánjú.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Mùdá sọ táǹkì kalẹ̀ ní gbangba, ó lé àwọn tó ń mu sìgá jìnnà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Áńkáṣífù yín ló lẹ̀ mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń fa epo. Òun ló dá mi dúró lójú ọ̀nà. Kókó tí ẹ ta kò tú.

Mo gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Ó tú kókó, ó wo òwú náà, ó bi mí bóyá ìka ọmọdé ni. Mo ní ti bàbá mi ni. Ó ní kí n sọ fún àgbà náà kí wọ́n máa jẹun dáadáa. Ó mú ayùn, mo ní kó dáwọ́ dúró. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Bàbá rán mi fún un: mo ní ẹni tó ni òrùka ní kí n kí i, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́. Ó ṣe àmín. Mo gba òrùka, mo jáde.

Ẹ dárí jì mí, gbogbo ẹbí. Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dá ẹ̀yin ìyá mi sí pẹ́. Ẹ bá mi kí ará ilé àti aládùúgbò. Inú ẹrù kékeré tí ẹni tó mú ìwé yìí wá gbé lọ́wọ́ ni mo fi òrùka sí. Ó ṣì tóbi bó ṣe rí nígbà tí ara Bàbá le. Ẹ má wá òwú nínú ẹrù náà. Òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀, ìwọ̀n ìka Bàbá sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù