Igbó Ọmọ Mi Tí Mo Dà Nù

Màmá mi, ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ ara mi ni mo fi lé Daré lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọmọ mi ti jáde nílé, kò pè, kò kọ̀wé.

Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ẹ má bínú pé ẹ̀dùn ló ṣáájú ìkíni. Bọ̀dá Láyí, ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń ka ìwé yìí fún wọn, mo kí yín o, ẹ rọra kà á.

Ẹ mọ̀ pé Daré ti jáde yunifásítì ní Torino, ní Italy níbí. Èmi rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló kàn, òun ní fọ́tò lòun fẹ́ máa yà. Nígbà ìwọ́wé, tí ewé ìhín bá pọ́n bí epo, á gbé kámẹ́rà wọ igbó láàárọ̀ kùtù, á dúró nínú ìrì títí ìmọ́lẹ̀ á fi gba àárín igi tó fẹ́ kọjá. Bó bá délé, á gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, á máa po àwọ̀ pupa mọ́ ìyeyè, á máa mú ibi tó le rọ̀, títí á fi dà bí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ kùn.

Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá dúró sáàárín igi. Mo wé gèlè àdìrẹ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ó ní kí n sún sósì, kí n má wo òun, kí n máa wo ewé. Mo ní ṣé ewé ló bí i ni. Ó rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tó ṣe é tán tí n kò rí ẹsẹ̀ mi! Ó ti pò ó mọ́ ewé, ojú mi sì dà bí èéfín. Màmá, ta ni kì í lẹ́sẹ̀ nínú igbó bí kò ṣe òkú? Mo bi í pé ṣé ó ti ń sìnkú mi ni. Ó fi èdè Italy dá mi lóhùn pé fọ́tò lásán ni. Èdè yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Bó ṣe jáde, mo kó dísíkì orí tábìlì àti àpò tí fíìmù wà nínú rẹ̀, mo dà wọ́n sínú àgbá ìdọ̀tí ìta. Mo rò pé àwòrán tèmi nìkan ló wà níbẹ̀.

Gbogbo igbó rẹ̀ ni, Màmá, kò sí ọ̀kan tó kù nínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọdún méjì, tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri ní ìlú Padova kí ayé wá wò ó. Nígbà tó wí fún mi tí mo sáré padà sídìí àgbá, ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó o lọ.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní ìlú Udine. Bí mo bá pe ọ̀rẹ́ náà, á ní Daré wà nínú igbó. Kí ló ń yà níbẹ̀? Ewé ti já tán, òtútù ti dé, kùrukùru bo gbogbo ìlú. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun ní àdúgbò San Salvario, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ebi á lé e wálé. Ọwọ́ mi ń dirun, etí mi wà lára tẹlifóònù.

Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù ni tèmi, tí Daré ti tẹ̀ sórí bébà. Lánàá mo wọ jígí, mo wò ó dáadáa. Gèlè yín nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Gbogbo ìlà àdìrẹ náà hàn ketekete, bíi pé òun ló dì mí mú kí n má bàa tú ká mọ́ ewé. Mo fi í sínú ìwé yìí. Ẹ má bẹ̀rù, mo ṣì lẹ́sẹ̀.

Mo kọ àdírẹ́sì Udine sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi kọ̀wé sí i. Ó pẹ́ tí mo ti fi oríkì pè é kẹ́yìn. Ẹ pè é ní Àkànní, ẹ kì í bí ẹ ṣe ń kì í nígbà tó wà lẹ́yìn yín. Èmi ò lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Olúwa á dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo agbolé. Ẹ kọ̀wé sí Àkànní ná kí ẹ tó kọ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ sí mi náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ọmọ yín tó ń ṣọ́ lẹ́tà,
Mojí