Bébà Kan Ṣẹ́kù Lápò Mi

Dàmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Ìkòsí? Ṣé òjò ò tíì gbé omi Ajégúnlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yín? Ọlọ́run tó ṣọ́ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ tó sì ṣọ́ mi padà kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Àwa náà wà ní Ìdí-Ọsàn, ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bí méjì, akọ ni méjèèjì, wọn ò sì jẹ́ ká gbádùn.

Yàkúbù tó ń kó ata lọ sí Mile 12 ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ Elkanah tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni, mo sì ti rí i pé bí mo bá sọ̀rọ̀ níbí, gbogbo yàrá yín ló ń gbọ́ ọ.

O rántí eré tí o fẹ́ darí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ́sàn-án Sátidé tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, eré wíwá apani láàárín ará ìlú. Ọ̀gá yín pè ọ́ síṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, o wá gbé bébà kékeré mẹ́sàn-án fún mi nínú fìlà, o ní kí n bá ọ darí ẹ̀. O ní kí n pín in kárí, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni o kọ apani sí, ará ìlú ni gbogbo ìyókù. Kí n ní kí wọ́n dijú, kí apani nìkan lajú, kí ó na ìka sí ẹni tí ó fẹ́ pa.

Mo ṣe é bí o ṣe wí. Àwọn mẹ́jọ ló jókòó. Oyin ò wá, bébà tirẹ̀ ṣẹ́kù, mo fi sápò láì wò ó. Oòrùn ń ràn yòò lójú fèrèsé, mo ní ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo wọn sì dijú. Mo ní kí apani lajú. Elkanah lajú, kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni, ó na ìka sí àga rẹ tó ṣófo, kò sì ká a kò títí mo fi ní ó tó. Mo ní ilẹ̀ ti mọ́, Dàmọ́lá ló kú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Folúkẹ́ ní Bàbá, ẹ ti lọ pa ẹni tí kò sí nínú eré, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe jàre. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ fẹ́ fọ dáńṣíkí mi, ó sì yọ bébà Oyin nínú àpò. Apani ló wà níbẹ̀. Mo wọ jígí mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ará ìlú ni mo fún Elkanah, Dàmọ́lá. Ta ló wá ní kí ó lajú?

Ìyá rẹ ní bóyá ó kàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ó sì wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná ni Elkanah pè mí, n kò sì fún un ní nọ́ńbà mi rí. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ọ. Mo ní kí ni kí n sọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá mi, ẹni tó ń darí eré kì í sọ ohun tójú ẹ̀ rí, ẹ má bà á jẹ́ o, a ò tíì parí ẹ̀.

Mo ti bà á jẹ́ báyìí. Jọ̀wọ́, kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ Bísí ní Ìṣẹ́rí Olówóòra lónìí. O sọ fún mi pé ojú rẹ ló ń ṣí fóònù rẹ, bóyá ibẹ̀ ló ti rí nọ́ńbà mi. Bí o bá fẹ́ sùn, fi aṣọ bojú, kí ẹnikẹ́ni má gbé fóònù náà síwájú ojú rẹ ṣí i nígbà tí o bá ń sùn. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá bá ọ kẹ́rù. Fi gba ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin oní-POS ní oríta wa, olóòótọ́ ọmọ ni, mo máa ń pariwo nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún un kí ó má baà ṣì í tẹ̀.

O ò ní kú sínú eré, o ò ní kú sínú òótọ́. Orúkọ rẹ kò ní di ohun tí wọ́n ń pè tí àga ń dáhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣóbọ̀wálé.

Yàkúbù ò mọ̀ ọ́ rí, ó ní ẹni tó bá ti ní òun ni Dàmọ́lá ni òun yóò fún. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe Dàmọ́lá ló ń ka lẹ́tà yìí, Elkanah ọmọ mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, èmi ni kí o na ìka sí.