Èmi Ni Mo Jẹ Obì Wọn

Lucy, òkun o. Bí o bá jí, má wá mi. Mo ti lọ sí Iyah-Gbede, sọ́dọ̀ àwọn ẹbí Jethro, kí wọ́n tó kó iṣu ìdána ọjọ́ Sátidé jọ. Èmi ni mo jẹ obì wọn, ẹnu mi náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbọ́ pé kò sí ìdána mọ́.

Jethro ti dé. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó tú maṣíìnì ìránṣọ mi palẹ̀. Ó ní, "Màmá, bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀jẹ̀ tiwa yìí, kò wá ní àtúnṣe ni?" Ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí o yẹ tiyín wò, ìwọ ni kí o bá a sọ ọ́. Iṣu wà nínú ìkòkò, ẹ jọ jẹ ẹ́.

Lánàá mo ní ìwé ti yí ọ lórí. Má bínú. Nígbà tí o ní egungun lè máa ro ọmọ yín, kí ojú rẹ̀ sì máa pọ́n bí ìyeyè, ọmọ mi Málọmọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ni mo rántí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Àbíkú ni a pè é. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń gé ọmọ ìka rẹ̀, tó ń ké pè mí.

Kí n tó wọ mọ́tò, màá yà síbi tí a sin ín sí. Òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀.

Ìyá rẹ àgbà