Nọ́ńbà Kan, Ara Méjì

Ojúlé Kẹsàn-án, Layin Tanki,
Ungwan Romi,
Kàdúná.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2021.

Tiwalọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Jùwọ́n ọkọ rẹ ńkọ́? Princess ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn yín kò tíì rí nọ́ọ̀sì kún yín, o kú ìfaradà o. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú níbí, ètè mi ti ń là, ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́.

O bi mí nípa áàpù tí mò ń kọ fún àwọn aránṣọ. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tí mo ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá mi, ohun kan ṣoṣo ni mò ń lépa: kí aránṣọ lè fi ìwọ̀n oníbàárà pamọ́ sínú fóònù, kó yéé tú ìwé kiri. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bẹ Àǹtí Bridget, aránṣọ ọmọ Kàbbà tó wà ní ìyáná wa, kí wọ́n tó gbà láti dán an wò. Ojú wọn ni àwọn aránṣọ yòókù ní Romi ń wò. Bí Àǹtí bá gbà á, gbogbo wọn á gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kí n yáa pa kọ̀ǹpútà mi dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá Folúṣadé tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gbé lésì wá fún Àǹtí pé kí wọ́n rán an fún ìkórè. Àǹtí tẹ nọ́ńbà fóònù ìyá náà sínú áàpù mi, ìwọ̀n yọ, wọ́n gé aṣọ, wọ́n rán an. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, ìyá wá gba aṣọ, apá kan ṣoṣo ló ráyè wọ inú rẹ̀. Àǹtí Bridget tí kì í gba ìbáwí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ló kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Aṣọ àtijọ́ ni ìyá wọ̀ lọ dúpẹ́. Tiwalọlá, ojú tì mí débi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo lọ bẹ Àǹtí lọ́jọ́ Ajé, ohun tí wọ́n sọ dùn mí ju èébú lọ. Wọ́n ní, "Haba, Jádesọ́lá! Ojú mi ti sọ fún mi pé ìwọ̀n yẹn kéré. Èmi ni mo ní kó dákẹ́, mo ní fóònù ló mọ̀." Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń ránṣọ, ẹnì kan ò dá aṣọ padà fún wọn rí. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kan áàpù mi mọ́.

Ṣé o mọ̀ mí, bí nǹkan bá rú mi lójú, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lọ́fun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú ohun tí mo kọ palẹ̀. Mo dá oníbàárà tí kò sí láyé sílẹ̀, ogún, ọgbọ̀n, mo tẹ ìwọ̀n wọn sí i. Kò sí èyí tó ṣì. Wàhálà ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ nìyẹn: èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí n kò rò nígbà àkọ́kọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ rò ó nígbà kejì?

Àfi ìgbà tí mo pàdé Folúṣadé fúnra rẹ̀ níbi tí a ti ń wọ kẹ̀kẹ́, tó wọ lésì ìyá rẹ̀! Ó bá a mu rẹ́gí. Mo dì í mú, mo ń bi í léèrè bí ọlọ́pàá. Ìgbà wo ló ránṣọ gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ Àǹtí? Oṣù Kẹsàn-án. Nọ́ńbà ta ló fún wọn? Ti màmá ni, nítorí fóònù tirẹ̀ ti bọ́ sómi. Mo pariwo "Kai!" débi pé oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni mo kọ ọ́ sínú áàpù pé nọ́ńbà kan, ènìyàn kan. Nígbà tí ìwọ̀n ọmọ wọlé, ó pa ti ìyá rẹ́, ó sì fi orúkọ ìyá sílẹ̀ lókè. Ta ló sọ fún mi pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀? Ilé wa gan-an, fóònù kan la jọ ń lò títí mo fi wọ yunifásítì. Mo yẹ àwọn oníbàárà Àǹtí wò, àwọn mẹ́rin ló ń lo nọ́ńbà ìyàwó Pásítọ̀!

Mo padà sọ́dọ̀ Àǹtí, kì í ṣe láti bẹ̀bẹ̀ mọ́, mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá àwọn oníbàárà mọ̀ ni. Wọ́n gbé ìwé wọn tó ti wú jáde. Àjákù aṣọ oníbàárà ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi pínnì há a mọ́ ọn, ìwọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá yí padà, wọn kì í pa ti àtijọ́ rẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ tuntun sí. Wọ́n fọwọ́ ra àǹkárá kan, wọ́n ní ẹni yìí lóyún nígbà náà. Wọ́n ra gínì kan, wọ́n ní èjìká ẹni yìí kan ga ju èkejì lọ. Òwe náà kúkú wà pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mo rò pé mo wá là wọ́n lójú!

Mo wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, mo tún un kọ. Nísinsìnyí, àwòrán aṣọ ló kọ́kọ́ ń yọ, orúkọ tẹ̀ lé e, nọ́ńbà lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ìwọ̀n àtijọ́ kì í sì í parẹ́. Ìwọ náà sọ fún mi: ní ilé ìwòsàn yín, báwo lẹ ṣe ń mọ Ìyá Ìbejì kan yàtọ̀ sí èkejì? Mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni.

Nígbà tí mo gbé e dé, Àǹtí yẹ̀ ẹ́ wò títí. Wọ́n wá ní, "To, dìde, kí n wọ̀n ọ́." Ṣé o mọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí orúkọ mi? Ti Ìyá Folúṣadé! Wọ́n ní kí n mú aṣọ wá, àwọn ò ní ṣí ìwé rárá, bó bá tún ṣì, kó ṣì lára ẹni tó kọ ọ́.

Àná ni mo gba aṣọ náà. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo dijú, mo wọ̀ ọ́. Tiwalọlá, ó bá mi mu! Ìbàdí nìkan ló fún díẹ̀, Àǹtí sì ní kí n má di ẹ̀bi ìyẹn ru fóònù, ọ̀rọ̀ èmi àti másà ni, àkàrà ìrẹsì tí mò ń jẹ láràárọ̀ níbí.

Lọ́túnla, Ọjọ́bọ̀, àwọn aránṣọ Romi máa ṣèpàdé. Mo bẹ Àǹtí pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí èmi náà má sọ nǹkan kan. Kí n kàn wọ aṣọ náà wọlé, kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí n dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ní aránṣọ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, ojú rírán ló ń gbà gbọ́.

Bá mi kí Jùwọ́n, kí o sì fẹnu ko Princess lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Fi mí sádùúrà.

Èmi ni tìrẹ tí kò ní fẹnu kan másà títí di Ọjọ́bọ̀,
Jádesọ́lá.