Yàrá Tí Mo Fún Ọlọ́run

Bàbá mi, ẹni mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì mi l'Adó ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, yàrá tí ẹ máa ń sùn sí nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti Igbemo wá rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àga kan, Bíbélì àti ìwé orin ló kù níbẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kú, mò ń kúnlẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe, torí mo mọ̀ pé ẹ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò bínú nígbà tí mo kúrò nídìí ìrun tí mo di onígbàgbọ́. Ẹ̀yin lẹ kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí, ẹ̀yin náà lẹ kan pákó tí mo ń gbé Bíbélì lé, ẹ tún fi sáńpépà ra á títí ó fi ń dán. Pásítọ̀ wa wá wàásù lọ́jọ́ kan pé kí oníkálùkù wá àyè fún Ọlọ́run nínú ilé rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò ní kí n lé bàbá mi. Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo délé tí mo kó ẹrù yín kúrò ní yàrá yìí, tí mo sọ ọ́ di yàrá àdúrà, tí mo ní kí ẹ máa sùn ní pálọ̀, kí ẹ má sì kírun nínú ilé mi mọ́. Ẹní ìkírun yín àti bùútà àlùwàlá yín, ilé adìẹ ẹ̀yìnkùlé ni mo kó wọn sí.

Ọyẹ́ ń mú lọ́sẹ̀ tí ẹ dé. Ẹ bọ́ sẹ́yìnkùlé láti kírun Àsùbáà, ẹ rí ìgbẹ́ adìẹ lára ẹní yín. Èmi tí ẹ tọ́ nínú ẹ̀sìn yẹn, ṣé n kò mọ̀ pé ẹ ò lè kírun lórí ìdọ̀tí ni? Èmi náà ti jí láti lọ gbàdúrà. Mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò yín. Ẹ bọ́ bùbá yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí yanrìn, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì kírun, tarúgbó-tarúgbó yín, èjìká yín ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹ parí, ẹ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe yín, kí n lè mọ̀ pé ẹ ń wọlé bọ̀. Ẹ bá mi mu ògì, ẹ sì yìn ín. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi?

Ẹ ò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ní ọ̀nà ò dáa, pé kẹ́míìsì Igbemo náà ń ta oògùn yín. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kí n má parọ́ fún òkú, inú mi dùn. Inú yàrá yìí gan-an ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yín láìjà láìta.

Àárọ̀ Sọ́ńdè lẹ kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ẹ jọ ń gbé kò pè mí àfìgbà tí ìsìn parí. Kí n tó dé Igbemo, wọ́n ti wẹ̀ yín, wọ́n ti kírun sí yín lára, wọ́n ti sin yín. Erùpẹ̀ sàréè yín ṣì tutù. Mo di ẹ̀gbọ́n mi láṣọ mú, mo pè é ní ìkà. Ó jẹ́ kí n bú u tán, ó wá sọ fún mi láìwo ojú mi pé ẹ̀yin lẹ pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀: tó bá bọ́ sí Sọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má pè mí títí ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi jáde, kí wọ́n má baà da àdúrà mi rú.

Bàbá mi, kí lẹ ní lọ́kàn? Ṣé ẹ fẹ́ kó dùn mí ni? Ó wù mí kó jẹ́ ẹ̀san lẹ gbà. Ẹ̀san, mo lè gbé e, torí ẹni tó bá ṣebi ló ń jìyà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ ò mọ ẹ̀san í gbà. Ẹ kàn rò pé inú mi máa dùn ni.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe ṣe sí yín lọ.